Ẹni Tó Gé Kankana Ni Yóò Mú Kẹ́yìn

Enugu Road,
Sabon Gari, Kánò.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Morẹ́nikéjì ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí o ti pè wá nìyí. Bí wọ́n ṣe ń wọlé sí mi lọ́kàn ni mo ṣe tò wọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tóbi tó:

Orúnkún Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀, ọkùnrin tí n kò rí rí.

Àtẹ̀gùn ilé-ẹ̀kọ́ yín, bóyá ó ní ohun tí ènìyàn lè dì mú.

Àgùnbánirọ̀ tí ẹ kó gbogbo kíláàsì aláriwo lé lórí, bóyá ìyá rẹ̀ ti gbọ́.

Sílíńdà gáàsì rẹ, bóyá o máa ń rántí pa á kí o tó jáde.

Ológbò ìyá oníbúrẹ́dì tó ń ké lórí páànù wa. Èyí kò kàn ọ́, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n sùn, n kò sì fẹ́ purọ́.

Àti ọ̀rọ̀ kékeré kan, "ẹ̀yin." Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Màá dé ibẹ̀.

Ìyá rẹ ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Haba, Bàbá Kéjì! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè? Kí i ná!" Ó dáa. Mo kí ọ, ọmọ mi. O kú oríire ipò tuntun. Olórí ẹ̀ka ìṣirò! Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta ata nísàlẹ̀ ilé, mo sì ti sọ ọ́ fún awakọ̀ kẹ̀kẹ́ adaidaita kan tí kò bi mí léèrè ohunkóhun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tù ọ́ lára. Mo ti kí i o, Ìyá Kéjì. Ó ti lọ.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé bí mo bá pè, tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gbóná, o ó ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ̀kì." Mo ti ṣàkíyèsí pé nẹ́tíwọ̀kì Ìlọrin kì í dàrú nígbà tí ìyá rẹ bá ń ròyìn ìyàwó tuntun tó wọ àdúgbò. Nítorí náà ni mo ṣe fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Emeka tó ń ṣe fótókọ́pì nísàlẹ̀ ilé wa yóò fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Òun ni mo yàn torí pé kò gbọ́ Yorùbá. "Èló ni" àti "ó ti wọ́n jù" nìkan ló gbọ́, kò sì sí ìkankan nínú méjèèjì tó kan ọ̀rọ̀ wa.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè rí ibi tí mo ti ṣì í gbọ́.

Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ ń kọ́ ìṣirò níbẹ̀: ìwọ, Bùnmi ọ̀rẹ́ rẹ, àgùnbánirọ̀ kan, àti Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ tó ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí ẹ̀yin yòókù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ipò rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o pín kíláàsì. SS3, kíláàsì tí ń sọ tíṣà di olórúkọ, tí Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ ti ń kọ́ bọ̀ látọjọ́ pípẹ́, o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, o fi í fún ara rẹ. O fún Bùnmi ní SS2, ní òwúrọ̀ tí atẹ́gùn ṣì ń fẹ́. O gbé JSS1 fún Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pátápátá, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ìyókù, tó jẹ́ ariwo lábẹ́ páànù lọ́sàn-án gangan, o dà á lé àgùnbánirọ̀ lórí. Lẹ́yìn náà o lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá àwọn tíṣà, o lọ jẹun.

Mo ní, "Kéjì, ṣé ìpín yìí tọ́?"

O ní, "Bàbá, iye píríọ́dù kan náà ni gbogbo wa ní. Mo ṣírò ó."

Mo mọ̀ pé o ṣírò ó. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Ajé ni ìpàdé ẹ̀ka yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ ti ní òun kò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Ìwọ náà ní bí kò bá gùn ún, o máa fẹjọ́ rẹ̀ sun ọ̀gá àgbà, bí ọ̀gá àgbà bá sì gbè é lẹ́yìn, o máa dá ipò náà padà fún wọn. Ọmọ mi, kì í ṣe ipò ni mò ń sunkún lé. Ta ló wá yàrá fún ọ nígbà tí o dé Ìlọrin tí o kò mọ ẹnìkan? Ta ló ní kí ìyàwó òun máa gbé ọbẹ̀ wá fún ọ nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀, tí èmi wà ní Kánò níbí tí mò ń rìn yí àga ká? Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi ṣe bàbá rẹ níbẹ̀, o sì fẹ́ fi JSS1 lé e lọ. Òun ni mo fẹ́ kí o rí gbà padà kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Fara balẹ̀ kà á. Má kà á bí o ṣe ń ka ìwé ìlò oògùn.

Èkíní. Kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọ.

Tẹ́lẹ̀, ohun tí o máa ń sọ fún wa ni pé bí Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ bá rí ọ láàárọ̀, á ní, "Kéjì, ṣé o jí ire? Ṣé o ti jẹun?" Láti ọjọ́ tí o ti lẹ ìwé yẹn mọ́ ògiri, o ní ó ti yí i padà. Ó di, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ kú iṣẹ́ ìpín o." O sì ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún mi! O ní, "Bàbá, ó tiẹ̀ ti wá ń bọ̀wọ̀ fún mi."

Ìgbà tí o sọ bẹ́ẹ̀ ni mo wá àga jókòó.

Ọmọ mi, àgbàlagbà tó ti ń pè ọ́ ní "ìwọ," tó wá sọ ọ́ di "ẹ̀yin" lójijì, kò bọ̀wọ̀ fún ọ. Ó ti ti ilẹ̀kùn ni, ó sì ń kí ọ láti ojú wíńdò. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Kánò la bí ọ sí. Hausa lo fi bá ẹgbẹ́ rẹ ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì lo fi kàwé, Yorùbá ilé lo sì fi ń bi ìyá rẹ bóyá oúnjẹ ti jinná. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé "ẹ̀yin" a máa ta ni bí agbọ́n. Èmi ló yẹ kí n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí o má baà rò pé ìwọ nìkan ló ti ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ rí, jẹ́ kí n sọ bí orúkọ mi ní Sabon Gari ṣe di Mai Roba. O ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ nígbà kan pé mo ta rọ́bà rí. N kò ta rọ́bà rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìkìrun, mo rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ òróró ẹ̀pà kan ní Bompai. Gbogbo Hausa tí mo gbọ́ kò ju "sannu" lọ. Nígbà tí Sálà kù fẹ́ẹ́fẹ́, Alhaji tó ni ilé-iṣẹ́ náà gbé dúrọ́ọ̀mù òróró kan kalẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́. Kálukú ti mú rọ́bà tirẹ̀ wá láti ilé, wọ́n tò gbọọrọ. Èmi ni mo wà nítòsí, Alhaji nawọ́ sí mi, ó ní, "Ka raba wa kowa." Ní Hausa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n pín in fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n etí Ìkìrun ni mo fi gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ka rọ́bà wá, kó wá."

Inú mi dùn! Mo ní, áà, Alhaji gbọ́ Yorùbá! Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gba rọ́bà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, mo kà á. Mo gba ti ẹnì kejì, mo kà á. Wọ́n ń wò mí, bóyá wọ́n rò pé mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ léra, tí mo gbé e forí lé ọ́fíìsì Alhaji, mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi: "Kai! Ina roba ta?" Níbo ni rọ́bà mi wà! Alhaji gbójú sókè, ó rí òkìtì rọ́bà lórí tábìlì rẹ̀, ó rí èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó rí gbogbo ilé-iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Menene wannan?" Kí lèyí?

Mo ní, "Wọ́n pé, sà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Mai Roba, onírọ́bà. Àwọn tó sọ mí lórúkọ náà ti kú, orúkọ ò kú.

Ó yé ọ, àbí? Èmi gbọ́ Hausa bíi Yorùbá, ìwọ gbọ́ Yorùbá bíi Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí n pín nǹkan fún àwọn ènìyàn, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni mo gbà. Wọ́n ní kí ìwọ náà pín, SS3 tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ lo kọ́kọ́ gbà. Rọ́bà rẹ̀ ló ń wá kiri.

Èkejì. Ohun tó dọ́gba lè má ṣe déédéé.

Hausa ní daidai, Yorùbá ní déédéé; bí ìbejì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì rí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń wọ̀ káàkiri Kánò pàápàá, inú daidai ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ, adaidaita. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, tí ìdajì ìdí rẹ̀ wà níta tí ń gba eruku. Ọ̀nà kan náà ni òun àti ẹni tó gbádùn ẹ̀yìn ọkọ̀ jọ rìn, ibì kan náà ni wọ́n jọ sọ̀ sí. Bi ìdí rẹ̀ bóyá ìrìn náà dọ́gba.

Ní Bompai yẹn náà, nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe alábòójútó. Ibi méjì ni iṣẹ́ wà: ìdí ààrò tí a ti ń yan ẹ̀pà, àti ìdí ìgò tí a ti ń dé òróró lábẹ́ fáànù. Iye wákàtí kan náà ni gbogbo ènìyàn ń ṣe. Mo ṣírò ó, bíi tìrẹ. Mo fi Gàníyù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìkìrun bíi tèmi, sí ìdí ìgò. Mo fi Malam Danjuma tó dàgbà jù wá lọ sí ìdí ààrò, mo ní ṣebí ó ti mọ́ ọn lára. Èmi fúnra mi jókòó sábẹ́ fáànù kí n lè máa mójú tó wọn dáadáa.

Malam Danjuma kò bá mi jà. Kíkí ló ń kí mi. O mọ bí wọ́n ṣe ń kíni níbí, tí wọ́n ń béèrè ilé, tí wọ́n ń béèrè ọmọ, tí wọ́n ń béèrè àárẹ̀. Láràárọ̀ yóò dúró níwájú mi, òógùn á máa kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ina kwana, Mai Roba?"

Mo jí dáadáa.

"Ina gida?"

Ilé wà.

"Ina gajiya?"

Kò sí àárẹ̀.

Yóò wá rọra gbójú sókè wo àjà, yóò ní, "To. Ina gajiyar fanka?"

Báwo ni àárẹ̀ fáànù! Gbogbo ìdí ààrò á bú sẹ́rìn-ín. Gàníyù tí mo fi sí ibi tó dára náà á rẹ́rìn-ín, òun ló tiẹ̀ ń rín in jù. Ó burú débi pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń da èèpo ẹ̀pà sí, ni mo wá ń gbà wọ iṣẹ́. Èmi ọ̀gá! Èèpo ẹ̀pà nínú bàtà mi láràárọ̀!

"Ina gajiyar fanka" yẹn náà ni "ẹ kú iṣẹ́ ìpín" tí wọ́n ń kí ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kìkì pé èmi mọ̀ pé wọ́n ń bú mi.

Ẹ̀kẹta. Má ṣẹ́ gègé. Mo mọ̀ pé ó máa wá sí ọ lọ́kàn, torí ó wá sí èmi náà lọ́kàn. Mo kọ "ààrò" àti "ìgò" sínú bébà wínníwínní, mo ká wọn, mo mì wọ́n nínú fìlà, mo ní kí kálukú mú. Mo rò pé mo ti bọ́. Ẹni tí ikọ́ ń bá fínra ló mú ààrò. Bàbá kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ló mú ìgò, gbogbo ọ̀sán ló ń fi ọmọrí dé afẹ́fẹ́. Gègé kò ní ojú, ọmọ mi. Ìwọ ni o ní ojú, òun ni wọ́n ṣe fi ọ́ ṣe olórí. Bí o bá fẹ́ fi fìlà ṣe é, kí wọ́n kúkú fi fìlà joyè.

Ìgbà tí fìlà já mi kulẹ̀ ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo lọ bá Malam Danjuma nídìí ààrò, mo bi í pé, "Malam, níbo lẹ fẹ́?" Ó ní, "O kò bi mí rí." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé nígbà ọyẹ́, kò síbi tó wu òun tó ìdí ààrò, torí ibẹ̀ nìkan ni egungun òun kì í ti í ro òun. Ìgbà ooru àti oṣù ààwẹ̀ ni kí n ṣáà yọ òun kúrò. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Gàníyù wá lọ sídìí ààrò nígbà ooru, ẹ̀rín rẹ̀ sì dínkù.

Nítorí náà, béèrè. O kò mọ̀ bóyá SS3 gan-an ló ń dun Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀. Ó lè jẹ́ àtẹ̀gùn ni. Ó lè jẹ́ pé orí ògiri ló ti kà á bí àlejò. Bi àgùnbánirọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ràn ariwo, àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò ṣeé mọ̀.

Ìyá rẹ tún ti dé. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun. Ó ní, "Ṣé o ti sọ̀rọ̀ Bùnmi fún un?" Mo ní mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Rọra sọ ọ́ o, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ Bùnmi. Mo gbọ́ pé ó ní ọmọ lọ́mú. Bó bá jẹ́ nítorí ọmọ lo ṣe fún un ní òwúrọ̀, kí ó lè tètè lọ fún un lọ́mú, ó dára, sọ ọ́ síta níwájú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tí yóò bá ìkókó du òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nítorí pé ẹ jọ ń gbọ́ orin kan náà ni, gbà á padà. Ìdí tí o kò bá lè sọ létí gbogbo ènìyàn, má fi pín nǹkan. Ká ní mo ní láti sọ ọ́ síta pé ọmọ Ìkìrun ni Gàníyù ló ṣe wà lábẹ́ fáànù, ojú ìbá tì mí kí n tó parí gbólóhùn.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ ká pe eléyìí ní èyí tó tóbi jù.

Àwọn ọmọ mọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní girama, wọ́n fún wa ní tíṣà ìṣirò kan tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù fáìfù ló ń fẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, ó gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni mo bẹ̀ wọ́n fún." Ó kọjú sí pátákó, kò sì yíjú sí wa mọ́ títí ọdún fi parí. Mo mọ ẹ̀yìn orí ọkùnrin yẹn ju ojú rẹ̀ lọ. A kò mọ ohunkóhun nípa ìpín tí wọ́n pín lọ́fíìsì, àwa ọmọ kéékèèké la sì jẹ ìyà rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí x nínú ìwé, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó wá fẹjọ́ mi sùn ni. Nígbà tí o sọ pé ìṣirò lo fẹ́ kà ní yunifásítì, mo rò pé o fẹ́ bá mi gbẹ̀san ni. N kò sọ ọ́ fún ọ rí.

Nítorí náà, bí Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ bá tilẹ̀ gba JSS1 torí ìbẹ̀rù ọ̀gá àgbà, tó fi ìbínú gun òkè lọ bá àwọn ọmọ yẹn, ta lo pín ìyà fún? Ọmọ ọdún mélòó ló wà ní JSS1? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà tuntun ni. Má jẹ́ kí tíṣà kankan wọlé sọ fún wọn pé àwọn kọ́ lòun bẹ̀bẹ̀ fún.

Ó yá, ohun tí o máa ṣe nìyí, kò sì ṣòro, torí pé o ti mọ̀ ọ́n ṣe láti kékeré.

Ṣé o rántí kankana, bàrà olómi tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní watermelon? Bí mo bá gbé ọ̀kan dé láti ọjà, tútù, tó tóbi bí orí màlúù, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì á máa pariwo, "Ba daidai ba ne!" kò ṣe déédéé, kí a tó tiẹ̀ gé e. Mo wá fi òfin tí bàbá mi fi ń pín iṣu fún wa dè yín: ẹni tó bá gé e ni yóò mú kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà ju ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwọ lo gbé e. O wọ yàrá lọ mú rúlà ilé-ìwé rẹ wá! O wọn kankana. O wọ̀n ọ́n lóròó, o wọ̀n ọ́n níbùú, o fi bírò sàmì sí èèpo rẹ̀. Nígbà tí o gé e tán, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ yí i po, wọn kò rí èyí tí wọ́n máa jà sí. Ìwọ sì mú èyí tó kù, o ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó jẹ ayò. Ìyá rẹ ní, "Ọmọ yìí á mọ ìṣirò." Mo ní, "Ọmọ yìí á mọ ènìyàn." Má jẹ́ kí n ti parọ́.

Níbo ni rúlà yẹn wà? O wọn píríọ́dù, o kò wọn orúnkún. Ohun tó sì fa gbogbo rẹ̀ ni pé ìwọ lo kọ́kọ́ mú. Bí ẹni tó pín bá ti kọ́kọ́ mú, bó fi òṣùwọ̀n ọ̀run wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́.

Lọ́la, kì í ṣe ọ̀tunla, kọ́kọ́ lọ já ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Lọ́jọ́ Àìkú, bí o bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, gba ilé Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ lọ. Má mú Bùnmi dání. Má pè é lórí fóònù. Má fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì, Gẹ̀ẹ́sì kì í kúnlẹ̀. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Bàbá, mo ṣì í ṣe. Èwo ló wúwo fún yín?" Lẹ́yìn náà kí o dákẹ́. Mo mọ̀ pé dídákẹ́ á ni ọ́ lára, inú mi lo ti mú un.

Ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, kọ gbogbo kíláàsì sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹnìkan sí i. Kí Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀ kọ́kọ́ mú. Kí Bùnmi sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, kó mú tirẹ̀. Kí àgùnbánirọ̀ mú. Èyí tó bá kù ni tìrẹ. Bó bá ṣe ariwo abẹ́ páànù ló kù, gbà á, kí o máa fi aṣọ nu ojú rẹ. Ní sáà tó bá tẹ̀lé e, ẹ jọ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara yín bí a ṣe pààrọ̀ ìdí ààrò. Wọ́n lè pè ọ́ ní ọ̀dẹ̀ olórí. Wọ́n ti pè mí ní Mai Roba, mo ṣì wà láàyè.

Ó ku ọ̀rọ̀ wíwá mi.

Ìyá rẹ ní kí n má wá. Ó ní, "Ọmọ di ọ̀gá, ìwọ fẹ́ lọ jókòó sí yàrá tíṣà bí ẹni tó wá wo kíláàsì!" N kò jókòó sí yàrá tíṣà. Ìta ni màá jókòó sí, níbi tí mo ti lè gbọ́. Mo ti lọ sí gáréèjì lọ bi wọ́n nípa àga. N kò fẹ́ iwájú nítorí gíláàsì, n kò fẹ́ ẹ̀yìn nítorí gálọ́pù, n kò fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ orúkọ wò mí, ó ní, "Baba, na only roof remain." Mo ní kó kọ́kọ́ bi àwọn èrò yòókù léèrè ohun tó wúwo fún wọn. Ó ní kí n kúrò lẹ́nu ọ̀nà òun. Ṣùgbọ́n ó ti kọ orúkọ mi sí àárín.

Mò ń gbé kankana kan bọ̀. Mo ti yàn án lọ́kàn, kò ní í tóbi jù, torí ẹsẹ̀ mi ni yóò jókòó sí. Ìwọ ni yóò gé e fún àwọn tíṣà rẹ, ní ìṣojú mi. Màá sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, torí ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Jímọ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ tó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ mú tiyín," màá mọ̀ pé lásán ni mo kọ lẹ́tà láti Kánò. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Ìwọ Kéjì, mú tìrẹ jàre," màá lọ na ara mi sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, màá sì sùn. Kí ẹnikẹ́ni má jí mi.

Bí ọ̀rọ̀ bá yanjú, mò ń bọ̀. Bí kò bá yanjú, mò ń bọ̀. Pa gáàsì rẹ. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá kúrò ní gáréèjì, ni mò ń gbéra.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mai Roba.